Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Tú Ẹ̀yìn Ẹ̀: Ìbéèrè Yín Lórí Aago Olówó Ńlá àti Wáráńtì

Aago ló kún inú lẹ́tà oṣù yìí, mo sì mọ ohun tó fà á. Ojúde Ọba ti kọjá, gbogbo aago tí ẹ yọ nínú páálí fún ọjọ́ kẹta Iléyá ti padà sílé, èyí tó máa dúró ti dúró, èyí tó ń sáré ń sáré, wọ́n wá ní kí Bọ̀dá Aláago gbà wọ́n. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi gíláàsì sójú tú aago n'Íjẹ̀bú-Òde, mo sì mọ̀ pé àwa Ìjẹ̀bú àtẹ̀yin ará Rẹ́mọ, a kì í fi ọ̀rọ̀ aago ṣeré rárá, pàápàá èyí tí aládùúgbò ti rí lọ́wọ́ wa. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó gùn jù.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá Aláago, ẹ kú iṣẹ́ sà. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní London ló ra aago ọ̀tọ́tìkì kan fún Dádì wa nígbà tí wọ́n pé 70 ọdún, aago Switzerland gidi ni, kò ní bátìrì, tí n bá sọ iye tó rà á síbí ẹ máa ní irọ́ ni mò ń pa. Ó ti tó ọdún kan àti oṣù mẹ́sàn-án báyìí, wáráńtì ọdún 2 ni wọ́n sì kọ sínú ìwé ẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, tí Dádì bá wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ tí wọ́n bọ́ ọ sórí tábìlì lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti dúró. Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sí Ojúde Ọba, ẹnìkan nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọ súnmọ́ra, béèrè aago mélòó ló lù, Dádì ní mọ́kànlá, bẹ́ẹ̀ aago méjì ọ̀sán ti kọjá, gbogbo wọn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ dé'lé. Ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe nítòsí ọjà Òkè-Àjẹ ní kí n mú 15,000 náírà wá, òun á tú u, òun á nù ún, òun á fi epo sí i, ọjọ́ kan péré. Àbúrò mi wá ń pariwo lórí fóònù pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kí n fi ránṣẹ́. Káàdì wáráńtì wà lọ́wọ́ wa o, àmọ́ kò sí déètì lórí ẹ̀, kò sì sí sítáǹpù. Ṣé kí n gbé e fún ọkùnrin yẹn ni àbí kí n fi ránṣẹ́? Ta ló sì máa bá wọn sọ ọ́, èmi, Dádì, àbí àbúrò mi?
Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú Dádì. Ẹ má gbé e fún un. Iṣẹ́ kan náà ni èmi àti ọkùnrin yẹn ń ṣe, mi ò ní kó má jẹun o, àwọn kan nínú wa tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yìí mọ iṣẹ́ ju ẹlòmíì tó ń wọ kóòtù funfun lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe fi irin kan ẹ̀yìn aago yẹn báyìí, wáráńtì ti kú nìyẹn. Ẹ̀yìn aago olówó ńlá ní ibi tí irin iṣẹ́ tiẹ̀ máa ń wọ̀ sí, tí irin mìíràn bá yọ̀ lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré àpá ẹ̀ ò ní lọ mọ́, ibẹ̀ sì ni ẹni tó bá gbà á ní ilé-iṣẹ́ á ti kọ́kọ́ wò kó tó béèrè orúkọ yín. Rọ́bà tín-ín-rín kan tún wà lábẹ́ ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, tí wọ́n bá tú u tí wọn ò pààrọ̀ ẹ̀, òógùn ọwọ́ Dádì á máa wọ inú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti epo tó ní òun máa fi sí i yẹn tiẹ̀ ni mo kórìíra jù. Epo inú aago kì í ṣe oríṣi kan, èyí tó wà fún ibi tó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ yàtọ̀ sí èyí tó wà fún ibi tó ń sáré, ìwọ̀n ẹ̀ ò sì ju kí ẹnu abẹ́rẹ́ tutù lọ, tí epo bá lọ kan sípíríǹgì kékeré tó dà bí irun yẹn, àwọn ìpele ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra wọn, àìsàn kan á di méjì.

Èmi fúnra mi ti jẹ nínú ìyà ẹ̀ rí. Aago àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà ní tuntun, kò tí ì ju oṣù márùn-ún lọ tí kùrukùru fi ń hàn lábẹ́ gíláàsì ẹ̀ nígbà òjò, èmi ọ̀gá, mo ní kí ni mo tún fẹ́ gbé e lọ sí Èkó fún, ṣebí iṣẹ́ mi ni, mo tú u, mo gbẹ ẹ́, mo dé e padà. Oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá gbé e lọ, ọmọbìnrin tó gbà á yí ẹ̀yìn ẹ̀ sókè, ó wò ó, ó wo ojú mi, ó ní, "Sà, ta ló ti tú u?" Owó tí mo san lọ́jọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye tí mo rà á. Wọn ò kúkú ṣẹ̀ mí, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ ṣá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá aago ló ń ṣàìsàn àbí ọwọ́ Dádì ni kì í mì. Ẹ má bínú sí mi o. Irin kan wà nínú aago ọ̀tọ́tìkì tó rí bí ìlàjì òṣùpá, bí ọwọ́ bá ṣe ń mì ni òun náà ń yí, yíyí tó ń yí yẹn ló ń ká sípíríǹgì ńlá tó gbé agbára gbogbo aago náà. Ọwọ́ tí kì í mì, aago ọwọ́ ẹ̀ ò rí oúnjẹ jẹ. Bàbá tó ti fẹ̀yìntì, tó jẹ́ pé láti orí àga iwájú ilé ni wọ́n ti ń lọ sórí àga pálọ̀, wọ́n lè wọ aago fún wákàtí 14 kí sípíríǹgì má sì kún dé ìdajì. Mo mọ ẹni tó fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n dá a padà pé kò sóhun tó ṣe é, owó ìfiránṣẹ́ nìkan ló wọgbó.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ jẹ́ kó dúró fúnra ẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ẹ di orí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ mú, èyí tí a fi ń yí aago, tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń yí wọlé kó lè fún pa mọ́ omi, ẹ yí i tú, ṣùgbọ́n ẹ má fà á jáde, ẹ wá máa yí i síwájú wọ́ọ́rọ́wọ́ títí á fi tó ìgbà 40. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ máa já a, sípíríǹgì ọ̀tọ́tìkì tó bá ti kún ńṣe ló máa ń yọ̀ nínú ilé ẹ̀, kò sí pé ẹ ká a jù. Ẹ wá ya fọ́tò ẹ̀ pẹ̀lú fóònù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí aago orí fóònù náà hàn dáadáa, ẹ gbé e lé tábìlì, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́, kí àwọn ìbejì má sì fi ṣeré. Ẹ wo inú ìwé ẹ̀, wọ́n á ti kọ iye wákàtí tó yẹ kó lò síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó wọ́pọ̀ máa ń lo nǹkan bíi 38 sí 42, àwọn tuntun kan ń lo 70, àwọn kan tiẹ̀ ń lo 80. Tí tiyín bá dúró ní wákàtí 12 tàbí 15, àbùkù gidi wà lára ẹ̀, kò tún sí àríyànjiyàn. Tó bá lo iye tí wọ́n kọ, a jẹ́ pé sípíríǹgì dáa, gbogbo ohun tó ń tì dáa, ó wá ku ẹyọ méjì, bóyá Dádì ni ò mì, bóyá irin òṣùpá yẹn ni ò ká nǹkan kan. Kí ẹ lè mọ èwo, ẹ gbé e fún ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ kì í sinmi, kó ká a ní ìgbà 10 péré kó lè gbéra, kó wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ méjì gbáko lọ síbi iṣẹ́. Tó bá dúró sí ìyẹn náà lọ́wọ́, ẹ ti mọ ibi tó ti ń dùn ún. Ẹ ṣe ti orí tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tó bá wí fún ilé-iṣẹ́ pé "aago mi ò dáa", wọ́n á ní kó dúró sórí ìlà, ẹni tó bá fi fọ́tò mẹ́ta àti iye wákàtí tó lò nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́, wọn ò lè sọ fún un pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ aago.

Ẹ tún bi Dádì jẹ́jẹ́ bóyá ó jábọ́ lọ́wọ́ wọn rí, ní bálùwẹ̀ tàbí níbikíbi. Mo mọ̀ pé àwọn bàbá wa kì í tètè jẹ́wọ́ irú nǹkan báyìí. Ọ̀pá tó gbé kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń mì síwá mì sẹ́yìn nínú aago tín-ín-rín bí irun, ilẹ̀ táìsì lè tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti jábọ́, ẹ sọ ọ́. Wọ́n á rí i bí wọ́n bá tú u, ẹni tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́, wọn ò ní gba òótọ́ ẹ̀ tó kù gbọ́. Wáráńtì wà fún àbùkù tó wá látọwọ́ ẹni tó ṣe é, kò sí fún ìjábọ́, kò sí fún bẹ́líìtì tó gbó, kò sí fún gíláàsì tó fọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó máa sọ ọ́ wá ńkọ́? Àbúrò yín ni, òun ló máa kọ̀wé, òun ló máa pè. Orúkọ ẹni tó wà lórí rìsíìtì ni ṣọ́ọ̀bù mọ̀, òun náà sì ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀. Òfin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Consumer Rights Act 2015. Láàárín ọjọ́ 30 tí èèyàn ra nǹkan tó ní àbùkù, ó lè dá a padà kó gba owó ẹ̀, tí àbùkù bá yọ kó tó pé oṣù 6, wọ́n á gbà pé ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti tà á, ẹni tó tà á ló máa wá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6, ẹrù yẹn ti bọ́ sórí ẹni tó rà á nìyẹn. Tiyín ti di oṣù 21, torí náà wáráńtì ilé-iṣẹ́ tó ṣe aago ni kí ẹ gbá mú, ti òfin kò tí ì kú o, ẹ fi pa mọ́ sápò bí ọ̀bẹ tí a ò tí ì fẹ́ lò.

Káàdì tí kò ní déètì yẹn, ẹni tó tà á ló yẹ kó kọ ọ́ síbẹ̀, àìṣedáadáa tiwọn ni, kì í ṣe tiyín. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín kọ ohunkóhun sórí ẹ̀, mo bẹ̀ yín! Kí àbúrò yín wá rìsíìtì ẹ̀ jáde, tí kò bá rí i, í-meèlì tí ṣọ́ọ̀bù fi ránṣẹ́ sí i tàbí ìwé báǹkì tí owó náà jáde nínú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn wúlò, kó sì ní kí ṣọ́ọ̀bù fi ìwé jẹ́rìí sí ọjọ́ tí wọ́n ta nọ́ńbà aago yẹn. Nọ́ńbà yìí, ẹ máa rí i lẹ́yìn aago tàbí láàárín ibi tí bẹ́líìtì ti wọ̀ ọ́, lára òmíì ó wà ní etí gíláàsì nínú lọ́hùn-ún. Ẹ rí i dájú pé òun náà ló wà lórí káàdì. Tí kò bá bára mu, ẹ pè mí, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Lónìí ni kó kọ ọ́ o. Oṣù mẹ́ta ló kù fún un, tí ẹ bá ń dúró de ìgbà tí ẹ máa rí ẹni tó ń lọ London, wáráńtì á parí sórí tábìlì pálọ̀ yín. Ọjọ́ tí ẹ fi tó wọn létí ni kí ẹ jà fún, kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ẹjọ́ náà, kí ẹ tọ́jú ẹ̀. Kí ó sì kọ ohun tí ojú yín rí nìkan, pé a ká a ìgbà 40, ó dúró lẹ́yìn wákàtí báyìí báyìí, kó má kọ pé irin báyìí ló bàjẹ́ nínú ẹ̀, ẹ ò tú u, ẹ ò lè mọ̀, tí ẹ bá sì dárúkọ irin inú ẹ̀ wọ́n á bi yín pé ta ló fi hàn yín. Kó tún bi wọ́n bóyá wáráńtì ọ̀hún wúlò níbi gbogbo lágbàáyé, torí ọ̀pọ̀ aago Switzerland ni wáráńtì wọn rí bẹ́ẹ̀, ibikíbi tí wọ́n bá ti fún ní àṣẹ láti tún un ṣe lè gbà á. Tí irú ibẹ̀ bá wà l'Ékòó, kí lẹ tún ń wá lọ sí London? Ẹ wọ mọ́tò, ó parí.

Tó bá wá jẹ́ London ṣáá ni, ẹ má fi sínú páálí kí ẹ kọ orúkọ aago sí i lára fún gbogbo ayé láti rí. Ẹni tí ẹ fọkàn tán ni kó gbé e, ọwọ́ ẹ̀ ni kó wọ̀ ọ́ sí tàbí nínú báàgì tó máa gbé lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú, kó má fi sínú èyí tó ń lọ abẹ́ ọkọ̀. Kó mú ẹ̀dà rìsíìtì dání kó lè fi hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rà á, bó bá sì ń bọ̀ kó mú ìwé àtúnṣe dání kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù má rò pé aago tuntun ló ń kó wọlé. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, gbogbo ibi tó ti ha. Kí wọ́n kọ gbogbo àpá tó wà lára ẹ̀ sínú ìwé kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ àbúrò yín.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ibòmíì wà tó jẹ́ pé tí aago bá ti wọlé fún àtúnṣe, wọ́n á pọ́líìṣì ara ẹ̀ láìbéèrè, á wá máa dán bí tuntun. Inú ẹlòmíì á dùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pọ́líìṣì ni irin ń dín kù lára ẹ̀, àwọn etí ẹ̀ tó mú á di róbótó, tí ẹ bá sì fẹ́ tà á lọ́jọ́ iwájú, ẹni tó mọ aago á mọ̀. Ẹ bi Dádì, tí wọn ò bá fẹ́, kí àbúrò yín kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n má pọ́líìṣì.

Tó bá dé, ẹ tún ṣe ti orí tábìlì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń fún àtúnṣe fúnra ẹ̀ ní wáráńtì, ti Rolex bí àpẹẹrẹ ọdún 2 ni. Tí àìsàn kan náà bá padà, nọ́ńbà ẹjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi kọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣí fáìlì tuntun fún yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, DJ ni mí ní Ṣàgámù, lápá Mákùn. Aago mi tí mo rà ní oṣù kẹrin, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀, ó ti ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sáré lójúmọ́. Mi ò jù ú sílẹ̀, mi ò wọ̀ ọ́ wẹ̀. Ṣé kí n lo wáráńtì ni?
DJ, Ṣàgámù

ÌDÁHÙN: Àbúrò, níbo lo máa ń bọ́ ọ sí tí o bá ń ṣeré ní páàtì? Má dá mi lóhùn, mo ti mọ̀, orí sípíkà ni. Òòfà ńlá ló wà nínú sípíkà, aago ẹ ti gba òòfà sára. Sípíríǹgì tó tín-ín-rín jù nínú aago, tó ká bí ẹja kíká, àwọn ìpele ẹ̀ ti ń fà mọ́ra wọn, ó wá ń ṣe bíi pé ó kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, kúkúrú ẹ̀ yẹn ló ń mú kó sáré. Aago tó dáa nínú irú tìẹ máa ń lù ní ìgbà 28,800 ní wákàtí kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ báyìí tó bá fi yára sí i, kó tó di alẹ́ ó ti di ìṣẹ́jú rẹpẹtẹ.

Wá kọ́ńpáàsì kan, èyí tó jẹ́ abẹ́rẹ́ gidi, gbé aago sún mọ́ ọn, tí abẹ́rẹ́ bá ń gbọ̀n tó ń tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ ti yé nìyẹn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́dọ̀ àwa tó ń tún aago ṣe tó ń yọ òòfà kúrò, kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ, a kì í sì í tú ẹ̀yìn aago fún un, ìyẹn ni pé wáráńtì ẹ ò ní ṣe nǹkan kan. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní kí wọ́n fi òòfà mìíràn pa á. Irọ́ ni. Àmọ́ tí wọ́n bá yọ òòfà ẹ̀ tán tó ṣì ń sáré, nígbà náà ni kó o gbé e lọ fún wáráńtì, torí aago tó gba ìwé-ẹ̀rí COSC, àjọ tó ń dán ìpéye aago wò ní Switzerland, láàárín kó fi ìṣẹ́jú-àáyá 4 pẹ́ àti kó fi 6 yá lójúmọ́ ló yẹ kó wà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ti ń ṣe aago tí òòfà ò ràn, àwọn Omega tó gba ìwé-ẹ̀rí Master Chronometer, òòfà tí agbára ẹ̀ tó 15,000 gauss (gauss ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà) ni wọ́n fi ń dán wọn wò, irú ẹ̀ lè jókòó ti sípíkà ẹ láìṣe nǹkan kan. Tìẹ ò sí nínú wọn. Àpò ṣòkòtò ni kó o máa fi sí, kì í sì í ṣe èyí tí fóònù wà o.

ÌBÉÈRÈ: Mo fún ẹnì kan l'Ékòó ní aago mi kó fi òkúta olówó iyebíye sí ojú ẹ̀ àti yíká ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ fún Ojúde Ọba, ó rẹwà gan-an ni. Báyìí orí tí a fi ń yí i kò wọlé dáadáa mọ́, dílà sì kọ̀ láti gbà á pé wáráńtì ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ku ọdún mẹ́ta. Ṣé mo lè mú wọn lọ sí kóòtù?
Alhaji, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Alhaji, ẹ kú ọdún. Ẹ má náwó lọ́yà. Kò sí ilé-iṣẹ́ aago ńlá tó máa gba aago tí ẹlòmíì ti gbẹ́ ojú ẹ̀ tó ti lu ihò sí i lára. Nínú ìwé wáráńtì Rolex, ọdún 5 ni wọ́n ń fún aago wọn tuntun láti 2015, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ohunkóhun tí ẹlòmíì bá pààrọ̀ tàbí fi kún un ti pa wáráńtì náà rẹ́. Òmíì tiẹ̀ wà tí wọn ò ní fọwọ́ kàn án bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ sanwó. Ẹni tó fi òkúta sí i ló yẹ kí ẹ gbá lọ́rùn, bóyá nígbà tó tú orí yẹn ló fi dé e padà lòdì. Ní báyìí ná, ẹ má jẹ́ kó kan omi rárá, omi àlùwàlá gan-an, ẹ bọ́ ọ, torí ibẹ̀ ni omi á gbà wọlé. Òkúta yẹn rẹwà lóòótọ́ o, mo rí fọ́tò ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ra aago l'Ékòó, olùtajà ní wáráńtì ṣọ́ọ̀bù oṣù 6, oṣù kejì ó dúró. Ó wá ní kí n wo ara ògiri, pé wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó tí a bá ti san kì í padà. Ṣé lóòótọ́ ni?
Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòye

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ara ògiri kì í ṣe ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin. Òfin kan wà ní Nàìjíríà, Federal Competition and Consumer Protection Act 2018, ó ní ọjà tí wọ́n bá tà fún ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó, kó ṣiṣẹ́, kó má ní àbùkù, kó sì ṣeé lò fún ìgbà tó bójú mu. Àjọ FCCPC tó ń mójú tó òfin yẹn ti sọ ọ́ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà pé ìkọ̀wé "kò sí owó àpadà" yẹn kò bá òfin mu. Kọ̀wé sí olùtajà náà lórí WhatsApp, kí ọ̀rọ̀ má jẹ́ ti ẹnu lásán, fún un ní ọjọ́ 7, tí kò bá dáhùn, fi ẹjọ́ ẹ̀ sun àjọ yẹn pẹ̀lú rìsíìtì.

Kó o mọ ìyàtọ̀ kan o, wáráńtì ṣọ́ọ̀bù yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà ni, ilé-iṣẹ́ tó ṣe aago ò mọ̀ ọ́n. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan kì í ṣe dílà tí ilé-iṣẹ́ mọ̀, wọ́n ra aago gidi níbòmíì ni wọ́n wá ń tà á dínwó díẹ̀. Aago yẹn lè dáa o, ṣùgbọ́n tó bá bàjẹ́, olùtajà nìkan ni ẹ jọ ní àdéhùn. Ìdí tó fi dínwó nìyẹn.

Ìyá Ìbejì ti pè mí kí ìwé yìí tó jáde. Wọ́n ṣe ti orí tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lo wákàtí 39, 40, 39. Wọ́n wá gbé e fún ọkọ wọn tó jẹ́ tísà eré ìdárayá, ẹni tó ń sáré lórí pápá látàárọ̀, ó wọ̀ ọ́ ọjọ́ méjì, ó dúró sí i lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kìíní gan-an. Irin tó ń yí yẹn ni ò ká a, Dádì ò jẹ̀bi. Àbúrò wọn ti kọ̀wé, nọ́ńbà ẹjọ́ ti jáde, wọ́n sì ní ibì kan wà l'Ékòó tó lè gbà á. Mo bi wọ́n pé pọ́líìṣì ńkọ́, wọ́n ní Dádì ti fi òǹtẹ̀ lù ú pé kí ẹnikẹ́ni má dán an wò, pé ìdí ọ̀pá ẹnìkan nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn ló ha á lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ẹni tó béèrè aago lọ́wọ́ wọn yẹn gan-an ni, wọ́n fẹ́ máa fi àpá náà hàn án.